Ẹ Bi Tíṣà: Ìyá tí kò fẹ́ rí òwú sójú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mẹ́ta péré ni mo rí mú torí pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé. Àkọ́kọ́ máa gùn ju àwọn tó kù lọ, ẹ bá mi fara dà á, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ni.

ÌBÉÈRÈ

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláàdìrẹ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá, ìyá kan tó ti Amẹ́ríkà wá, dúdú bíi tiwa, dúró ra aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ti rẹ̀ ẹ́, mo fún un ní àga, ọmọ mi obìnrin wá ń túmọ̀ fún wa. Ó ní Chicago ni wọ́n bí òun sí ṣùgbọ́n Mississippi ni ìyá òun ti wá. Òwú oko tí màmá mi fi ń rànwú wà nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mú ẹyọ kan níbẹ̀, ó ń wò ó, ó ní títí ìyá òun fi kú kò fẹ́ rí òwú sójú, ni omi bá bọ́ lójú ẹ̀. Mi ò lè bi í ní nǹkan kan mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Mississippi yẹn? Ta ló lé wọn dé ibi tí wọ́n ń gbé báyìí? Ó dẹ̀ ní òun ń padà bọ̀ ní August, kí ni mo lè bi í tí kò ní dùn ún?
Ìyá Aláàdìrẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

ÈSÌ

Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé yìí, ẹ bá mi kí ọmọ tó túmọ̀ yẹn dáadáa.

Kò sẹ́ni tó lé wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò dà bíi ti Gánà ní 1969, tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gba ìwé tàbí kí wọ́n kó jáde, tí àwọn ará ilé wa fi dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ti Amẹ́ríkà, wọ́n ń yọ́ lọ ni, ìdílé kan lónìí, ìdílé méjì lọ́la, láti bíi 1910 títí dé 1970, ìgbà tí wọ́n fi máa kà á, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 àwọn dúdú ló ti kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá àti ìwọ̀ oòrùn. Ní 1910, tí ẹ bá ka dúdú 10 ní gbogbo Amẹ́ríkà, bíi 9 nínú wọn gúúsù ló ń gbé. Ní 1970, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì. Ìjọba kankan ò ṣètò ẹ̀ fún wọn o, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi lọ, èmi dẹ̀ gbà pé lílọ yẹn ló yí òṣèlú Amẹ́ríkà padà ju ọ̀rọ̀ ẹnu ààrẹ kankan lọ, màá ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òwú yẹn wọ̀ ọ́. Nígbà tí oko ẹrú parí níbẹ̀ ní 1865, wọ́n dá àwọn èèyàn sílẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò fún wọn nílẹ̀, ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó wà tẹ́lẹ̀. Ó wá di pé onílẹ̀ á fún ìdílé kan ní oko, á fún wọn ní irúgbìn àti ìbaaka tí wọ́n máa fi túlẹ̀, tí òwú bá yọ wọ́n á pín in. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, à bá ní kò burú, àwa náà mọ̀ ọ́n nínú oko kòkó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà gbígbìn títí di ìkórè, ìdílé yẹn ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìyẹ̀fun, iyọ̀, kẹrosíìnì, bàtà ọmọ, àwìn ni gbogbo ẹ̀, èlé wà lórí ẹ̀, onílẹ̀ ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, onílẹ̀ yìí náà ló ń wọn òwú, òun náà ló ń bá wọn tà á. Tó bá di December wọ́n á pe bàbá kí wọ́n jọ wá ṣírò. Ẹ fojú inú wò ó, bàbá ti ṣí fìlà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, onílẹ̀ ṣí ìwé, ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè délẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọdún yìí dáa o, ṣùgbọ́n o ṣì jẹ mí ní gbèsè. Ta ló máa bi í pé báwo ló ṣe jẹ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò kàwé, torí pé iléèwé àwọn ọmọ dúdú á tì nígbà tí òwú bá tó já, ẹni tó dẹ̀ kàwé tó bá ní ìṣirò yẹn ò pé, ilẹ̀ ọjọ́ kejì lè má mọ́ bá a.

Àwọn àgbà wa mọ ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ ẹ̀ ni èlé, owó gan-an ṣì wà nílẹ̀ títí wọ́n á fi san án. Ìyà ni, mi ò ní kì í ṣe ìyà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ iye tí wọ́n yá, ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, onígbọ̀wọ́ wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ò mọ iye tí wọ́n jẹ, inú ìwé ẹlòmíì ni gbèsè wọn ń gbé, ó dẹ̀ ń tọ ọmọ lẹ́yìn bàbá.

Iṣẹ́ òwú fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin ti rí òwú oko, ẹ mọ èèpo gbígbẹ tó dì í mú yẹn, ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ mú bí ẹ̀gún. Wọ́n á gbé àpò gígùn kọ́ èjìká, á máa wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé wọn láàárín ebè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìdájí títí tí ilẹ̀ á fi ṣú, ọwọ́ méjèèjì á máa já a, èèpo yẹn á máa gún wọn nídìí èékánná títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, ọmọ kékeré ń ṣe é, aboyún ń ṣe é. Òwú dẹ̀ fúyẹ́! Ẹ rò ó wò iye tí èèyàn máa já kó tó di kílò 90, iye yẹn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n já dáadáa ń lé lójúmọ́. Ìyá yẹn tó ní òun ò fẹ́ rí òwú sójú, ọwọ́ ẹ̀ ló ń rántí.

Ẹ wá fi èyí kún un: wọn ò lè dìbò. Ìwé òfin Amẹ́ríkà ti ní kí dúdú máa dìbò láti 1870, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gúúsù gbé owó orí ìbò kalẹ̀, wọ́n gbé ìdánwò ìwé kíkà kalẹ̀, akọ̀wé aláwọ̀ funfun ló dẹ̀ máa sọ ẹni tó yege. Ọkọ̀ wọn yàtọ̀, iléèwé yàtọ̀, ẹ̀rọ omi mímu yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe bí ọ̀rọ̀, àwọn èrò á lọ wọ́ ẹni náà jáde, wọ́n á so ó kọ́ sórí igi láìdé kóòtù, láàárín 1877 sí 1950 àwọn dúdú tí wọ́n pa báyẹn lé ní 4,000.

Àwọn nǹkan méjì ló wá ṣílẹ̀kùn. Ọ̀kan ni kòkòrò kékeré kan tó ti Mexico wọ Texas ní bíi 1892, èso òwú ló ń jẹ, ó ń rìn lọ sí ìlà oòrùn lọ́dọọdún, gbogbo ibi tó bá dé òwú ibẹ̀ ti tán. (Ìlú kan wà ní Alabama, Enterprise lorúkọ ẹ̀, lẹ́yìn tí kòkòrò yìí jẹ òwú wọn tán wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbin ẹ̀pà, ẹ̀pà yẹn mówó wọlé débi pé ní 1919 wọ́n gbé ère kalẹ̀ láàárín ìlú fún kòkòrò yẹn. Ó ṣì wà níbẹ̀.) Ìkejì ni ogun àgbáyé ti 1914. Àwọn òyìnbó tó máa ń ti Yúróòpù wá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìlú àríwá ò lè sọdá òkun mọ́, irin ń bẹ tí wọ́n fẹ́ rọ, ẹran ń bẹ tí wọ́n fẹ́ pa ní Chicago, ọwọ́ ò tó. Ford ní Detroit ti kéde dọ́là 5 lójúmọ́ ní January 1914, ẹni tó wà lóko òwú kì í rí dọ́là kan lójúmọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ bá rán èèyàn lọ sí gúúsù láti kó òṣìṣẹ́ wá.

Àwọn onílẹ̀ ò fẹ́ gbọ́. Ìlú Macon ní Georgia ní ẹni tó bá fẹ́ wá kó òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba láìsẹ́ǹsì, $25,000 sì ni láìsẹ́ǹsì ọ̀hún, nígbà yẹn o! Ọlọ́pàá ń wọ téṣàn rélùwéè, wọ́n ń já àwọn èèyàn bọ́ọ́lẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti ń tàn. Ìwé ìròyìn kan wà ní Chicago, Chicago Defender, Robert Abbott ló dá a sílẹ̀ ní 1905, àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún èrò nínú ọkọ̀ rélùwéè Pullman ló ń bá a gbé e lọ sí gúúsù, wọ́n á fún onígbàjámọ̀, ẹnìkan tó mọ̀wé á máa kà á sókè fún àwọn tó kù, ẹ̀dà kan lè dé ọwọ́ ilé mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i pé iṣẹ́ wà, pé iléèwé wà, pé dúdú ń dìbò.

Àwa ará Òṣogbo mọ nǹkan tí rélùwéè lè ṣe fún èèyàn. Láti 1907 tí ojú irin ti dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá bàbá mi wà nínú àwọn tó kó ẹní àti àpótí pákó wọ ọ́, ó ní òun ń lọ fún oṣù mẹ́ta, ọdún mọ́kànlá ló lò. Torí ẹ̀, tí mo bá kà nípa ọkọ̀ Illinois Central tó ń ti Mississippi lọ sí Chicago, mo ń rí téṣàn wa ni. Àwọn míì kì í wọ ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ sí téṣàn tó wà níwájú. Wọn ò gbọdọ̀ jẹun níbi tí àwọn òyìnbó ti ń jẹun nínú ọkọ̀, ìyá á din adìẹ sílẹ̀ lóru, á se ẹyin, á kó o sínú páálí bàtà, á fi okùn dì í. Ọmọ á gbé páálí yẹn lé itan láti ilé títí dé Chicago.

Chicago kì í ṣe ọ̀run o. Dúdú tó wà níbẹ̀ ní 1910 bíi 44,000 ni, ní 1970 wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n àdúgbò tí wọ́n gbà kí wọ́n gbé kéré, onílé á gé fúláàtì kan sí yàrá mẹ́fà, owó ilé á dẹ̀ ga ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ní July 1919 ọmọkùnrin ọdún 17 kan, Eugene Williams, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún Michigan, omi gbé e kọjá ibi tí wọ́n fọkàn yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó, wọ́n sọ òkúta lù ú, ó kú sómi, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú, ẹni 38 ló kú. Nígbà tó yá, ìjọba náà yàwòrán ìlú, wọ́n fi pupa kun àdúgbò dúdú, báǹkì rí i, báǹkì ò yá wọn lówó ilé.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń dìbò. Ìyá mi, ibi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn rèé. Láti 1901 tí George White kúrò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, dúdú kankan ò dé ibẹ̀ mọ́, àfìgbà tí Chicago yan Oscar De Priest ní 1928, òun fúnra ẹ̀ Alabama ni wọ́n bí i sí. Àwọn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan àpótí ìbò ní Mississippi ti di ẹni tí olóṣèlú ń kan ilẹ̀kùn wọn ní Illinois àti Michigan. Ní 1941, A. Philip Randolph, olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Pullman yẹn, sọ fún Ààrẹ Roosevelt pé tí ilé iṣẹ́ ohun ìjà ò bá gba dúdú síṣẹ́, òun á kó èèyàn 100,000 wọ Washington, Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n má fi àwọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró níbi iṣẹ́ yẹn ní June ọdún yẹn, wọn ò tíì rìn ẹsẹ̀ kan.

Àwọn tó dúró sílé náà ò káwọ́ gbera. Ní Montgomery, Alabama, December 1955, nígbà tí wọ́n mú Rosa Parks torí kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó lọ gba béèlì ẹ̀ ni E. D. Nixon, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀? Òṣìṣẹ́ Pullman ni òun náà. Ọjọ́ 381 ni àwọn dúdú ìlú yẹn ò fi wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn, obìnrin tó ń fọṣọ, tó ń se oúnjẹ nílé onílé ni, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn nínú òjò. Georgia Gilmore ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ oúnjẹ ló ń ṣe, wọ́n lé e níbi iṣẹ́, ó bá sọ ilé ara ẹ̀ di búkà, òun àti àwọn obìnrin míì ń din adìẹ, wọ́n ń ṣe kéèkì, wọ́n ń tà á, owó ẹ̀ ni wọ́n fi ń ra epo sínú mọ́tò tó ń gbé àwọn èèyàn lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní orúkọ tó túmọ̀ sí pé kò níbi tí owó yìí ti wá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹni tó máa fìyà jẹ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre ní 1956.

Lóko òwú, ìyàtọ̀ ti dé. October 1944, ní oko kan tó ń jẹ́ Hopson nítòsí Clarksdale ní Mississippi, wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde tó ń já òwú, àwọn èèyàn rọ́ wá wò ó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n já, bíi kílò 9 ló lè já ní wákàtí kan, ẹ̀rọ yẹn bíi kílò 450. Látìgbà yẹn onílẹ̀ tó ń rán ọlọ́pàá lọ sí téṣàn ò nílò wọn mọ́, ó wá ń fẹ́ kí wọ́n lọ. Ìran ìyá tó wá sọ́dọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà yìí ni wọ́n lọ.

Òfin ẹ̀tọ́ tó ní kí wọ́n má fi àwọ̀ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́ jáde ní July 1964, ti ìbò jáde ní August 1965, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí àríwá bẹ̀rẹ̀ sí padà sí gúúsù. Ọ̀kan nínú wọn, Detroit ni wọ́n bí i sí ní 1928, Walter King lorúkọ ẹ̀, ó di Ọba Adéfúnmi, ó tẹ abúlé kan dó ní South Carolina ní 1970, ó sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́túnjí. Ó wá sí Ifẹ̀ ní 1981, Ọọ̀ni Ṣíjúwadé dé e ládé. Tí ẹ bá ń rí wọn létí odò wa lóṣù August tí wọ́n wọ aṣọ funfun, wọn ò ṣèèṣì dé ibẹ̀.

Ẹ bèèrè nǹkan tí ẹ lè bi í. Ẹ má bi í nípa òwú. Ẹ bi í pé ọkọ̀ rélùwéè wo ni ìyá ẹ̀ wọ̀, àti pé kí ló wà nínú páálí bàtà. Á rẹ́rìn-ín, á sọ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 35, ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣì jẹ mí lówó títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ní ní Amẹ́ríkà gbogbo àgbàlagbà ló ń gba owó lóṣooṣù, bí wọn ò tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba rí. Ṣé òótọ́ ni? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?
Bàbá Òkè-Fìà

ÈSÌ

Bàbá, ẹ kú ìfaradà, Ọlọ́run á jẹ́ kí owó yẹn dé ọwọ́ yín láàyè.

Òótọ́ ni fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ tó dẹ̀ dá owó sí i. Ṣùgbọ́n kí 1935 tó dé, bí ẹ bá darúgbó ní Amẹ́ríkà tí ẹ ò lọ́mọ tó lówó, ilé àwọn tálákà ni wọ́n máa kó yín lọ. Ọjà ìpín ìdókòwò fọ́ ní October 1929, láàárín 1930 sí 1933 báǹkì bíi 9,000 ló kógbá wọlé, owó tí èèyàn fi gbogbo ayé ẹ̀ tọ́jú síbẹ̀ bá a lọ, kò sí ẹni tó máa san án padà. Ní 1933 òṣìṣẹ́ kan nínú mẹ́rin ò níṣẹ́.

Dókítà àgbàlagbà kan wà ní Long Beach ní California, Francis Townsend. Ní September 1933 ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìlú ẹ̀, ojú ìwé àwọn òǹkàwé, irú èyí tí ẹ̀yin kọ sí mi yìí. Ó ní kí ìjọba máa fún gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní dọ́là 200 lóṣù, kí wọ́n ná an tán láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kí ọjà lè tún máa lọ. Ìṣirò ẹ̀ ò lè jọ, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó gbogbo ìpínlẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí lẹ́tà yẹn, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń fọwọ́ síwèé, àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù wọn. Roosevelt fọwọ́ sí òfin tiẹ̀ ní 14 August 1935, kò pọ̀ tó ti Townsend, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Láti 1937, sẹ́ǹtì kan nínú dọ́là láti owó òṣìṣẹ́, sẹ́ǹtì kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gba owó oṣooṣù ni Ida May Fuller, akọ̀wé lọ́yà kan ní Ludlow, ní Vermont. January 1940 ni, $22.54. Gbogbo nǹkan tó ti dá sí i fún ọdún mẹ́ta ò ju $24.75 lọ, ó dẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 1975, ìgbà yẹn owó tó ti gbà lé ní $22,800.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Òfin 1935 yẹn yọ òṣìṣẹ́ oko àti ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀. Ta ló ń ṣiṣẹ́ oko, ta ló ń fọṣọ nílé onílé ní gúúsù? Ìyá obìnrin tí a sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè yìí ni. Àwọn kan ní torí pé owó dídá wọn ló ṣòroó gbà, àwọn kan ní àwọn aṣòfin gúúsù ò fẹ́ kí dúdú ní owó tí onílẹ̀ ò fi dè wọ́n. Èmi rò pé méjèèjì wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀ ò rí ìyàtọ̀ nínú ẹ̀. 1950 àti 1954 ni wọ́n tó ń fà wọ́n wọlé.

Tiwa tí à ń dá lóṣooṣù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin 2004, àwọn aláta àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lọ́jà Ọba dẹ̀ pọ̀ tí wọn ò sí nínú ẹ̀ di báyìí. Ẹ kọ lẹ́tà yín síta, Bàbá, ẹ kọ ọdún tí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ kọ iye tí wọ́n jẹ yín, ẹ kó àwọn ẹgbẹ́ yín mọ́ra kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Arúgbó kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí tí ìjọba gbọ́.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Bàbá àgbà mi lọ kàwé ní Texas ní 1974, wọ́n padà wálé, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó dúró síbẹ̀ pọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe ṣáájú?
Ọmọ Ọlọ́nkóró

ÈSÌ

Ọmọ dáadáa. Àwọn kan ti lọ ṣáájú, Azikiwe lọ ní 1925, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1924 pín àyè fún àwọn tó fẹ́ wá gbé Amẹ́ríkà, àwọn ìlú àríwá Yúróòpù ló kó èyí tó pọ̀ jù, gbogbo Áfíríkà rí tíńtín. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé, àti dúró lẹ́yìn ìwé ló le.

Ní 3 October 1965 Ààrẹ Johnson jókòó sí ẹsẹ̀ ère òmìnira ní New York, ó fọwọ́ sí òfin tó wó pínpín yẹn. Wo déètì yẹn dáadáa: òfin ìbò àwọn dúdú jáde ní August, èyí tẹ̀lé e ní October ọdún kan náà. Nígbà tí àwọn èèyàn ti fi ọdún mẹ́wàá rìn pé kí wọ́n má fi àwọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró nínú ìlú, ó ti di ìtìjú láti máa fi ìlú ìbí dá èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé lọ́dọ̀ wa, ìjọba ń fún àwọn ọmọ ní sikọ́láṣíìpù, ẹni tó dẹ̀ rí iṣẹ́ níbẹ̀ rí ọ̀nà dúró. Físà lọ́tìrì tí gbogbo yín mọ̀, òfin 1990 ló bí i, Nàìjíríà ti kúrò nínú ẹ̀ torí pé a ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Texas tí bàbá àgbà rẹ lọ yẹn gan-an, ní 1946 agbélẹ́tà kan ní Houston, Heman Sweatt, fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ yẹn, wọ́n ní àwọn ò gba dúdú, ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ọdún mẹ́rin ló fi jà á títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ní kí wọ́n gbà á ní 1950. Ọdún 24 péré ló wà láàárín òun àti bàbá àgbà rẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, lọ jókòó ti bàbá àgbà. Bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ gbà wọ́n sílé nígbà tí wọ́n dé, òyìnbó ni àbí dúdú, ibo ni wọ́n ti ń gé irun, ta ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, má tún un ṣe, fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣù tó ń bọ̀.